Ọkọ̀ Tí Àgbà Ń Kẹ́yìn Wọ̀

Agbo Ilé Ìyápọ̀,
Ṣakí,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Waheedat, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ tó wà nínú rẹ. Báwo ni ara? Ṣé oúnjẹ ti ń dúró nínú rẹ báyìí? Gbogbo wa nílé wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àdúrà wa sì ni pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín, wàá ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lórí fóònù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n odindi ni mo fẹ́ kí eléyìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àríyọ̀ aládùúgbò wa ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ yín, òun ni mo fi rán.

Ọkọ̀ ti dé o. Owó tí ẹ̀yin ọmọ dá jọ ti di bọ́ọ̀sì ńlá tó lè kó gbogbo ilé. Níwájú ilé ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, adìẹ Ìyá Abíọ́nà orogún mi sì ti ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, ẹlòmíràn ti lò ó kí ó tó kàn wá. Ṣùgbọ́n bí a ṣe yàn án ni mo fẹ́ kí o gbọ́.

O rántí Iléyá ọdún tí o lọ ilé ọkọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ni a pín ara wa sí lọ sí Okaka, ìlú tí wọ́n ti bí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá yín. Ọ̀kan takú lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ, inú rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ kéékèèké pọ̀ sí jù. Ìyá Àgbà ti dé Okaka ní tiwọn. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Etí títì ni wọ́n dúró sí títí ọmọ tó kẹ́yìn fi dé. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ pé, 'Tí gbogbo ilé ò bá lè wọ inú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ má gbé mi lọ síbì kankan mọ́.' A rò pé ìbínú ni, pé yóò rọ̀. O mọ ìyá bàbá yín. Kò rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ Okaka ni àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù láyé wà, Ìyá Ìdòwú. Àwọn náà ti dàgbà, wọn ò lè dá ìrìn-àjò wá sí Ṣakí mọ́. Etí Ìyá Àgbà ò sì gbọ́ fóònù. Wọ́n ní bí ẹyẹ ló ń ké sí àwọn létí. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo ni Ìyá Ìdòwú ránṣẹ́ pé, 'Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú mi ti ń ṣú lọ. Mo fẹ́ rí wọn kí ó tó ṣú tán.' Bàbá yín pariwo ọ̀rọ̀ náà sí Ìyá Àgbà létí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò mu ẹ̀kọ. Ohun tó mú wa sáré wá ọkọ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Sàlàkọ́ tó ń ta tòkunbọ̀ ni bàbá yín àti Abíọ́nà àbúrò rẹ kọ́kọ́ lọ. Wọ́n rí bọ́ọ̀sì funfun kan tó ń dán. Bàbá yín yí i ká, wọ́n ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń yan àgbò Iléyá. Abíọ́nà, tó jẹ́ pé ọkọ̀ wíwà niṣẹ́ rẹ̀, ṣí ẹ́ńjìnnì, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní ara ọkọ̀ le. Nígbà tí wọ́n fi délé, ìrìn ẹni tó ti ní bọ́ọ̀sì ni bàbá yín ń rìn. Èmi ni mo ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí àwọn tó máa jókòó sínú ọkọ̀ lọ jókòó sínú rẹ̀ wò. Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Bí gbogbo agbo ilé ṣe tò lọ sọ́dọ̀ Sàlàkọ́, àwọn ará àdúgbò ń bi wá pé ta ló kú. Ìyá Àgbà ló ni iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n orí táyà ni ìjókòó yẹn wà, ó ga, eékún wọn ò gbé e. A ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ta ni yóò wá ṣáájú Ìyá Àgbà wọlé? Wọ́n kọ́kọ́ wọlé, wọ́n rìn títí kan ẹ̀yìn pátápátá. Bàbá yín tẹ̀ lé wọn, èmi tẹ̀ lé bàbá yín, Ìyá Abíọ́nà tẹ̀ lé mi. Bẹ́ẹ̀ la tò ó ní àgbà-àgbà títí ó fi kan àwọn ọmọ. Àwọn ló wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà, tí wọ́n na àwọn àga kéékèèké tí wọ́n ń pè ní àtáṣímẹ́ǹtì dí gbogbo ọ̀nà. Ọ̀wọ̀ la fi gbé ìyá wa lọ síbi tó burú jù nínú ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i nínú wa.

A ò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Àgbà fi ní àwọn fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n tó lè sọ̀kalẹ̀, àfi kí gbogbo ilé sọ̀kalẹ̀. Eékún wọn há sáàárín ìjókòó méjì, èmi àti Ìyá Abíọ́nà la fà wọ́n yọ. Nígbà tí wọ́n dúró sílẹ̀ tán, wọ́n fi ìborùn nu ojú, wọ́n ní, 'Bóyá Okaka ò sí nínú kádàrá mi mọ́.' Waheedat, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Bàbá yín dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Sàlàkọ́, wọn ò sì wo bọ́ọ̀sì funfun náà mọ́.

Ó ṣe díẹ̀ kí Sàlàkọ́ tó ránṣẹ́ pé òmíràn ti dé. Ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n fi ń kó níbi tó ti wá. N ò mọ bí mo ṣe máa júwe àwọ̀ rẹ̀. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n kọjá ni mo rò ó sí. Bàbá yín pòṣé, wọ́n ní, 'Ṣé eléyìí ni kí n máa gbé kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí?' Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àárín rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé a ò nílò àtáṣímẹ́ǹtì. Abíọ́nà wà á lọ sọ́nà Àgọ́-Àrẹ, ó wà á bọ̀, ó ní kò jẹ ọ́ìlì, bírèkì rẹ̀ sì ń gbọ́ràn. Ìyá Àgbà ò bèèrè ẹ́ńjìnnì. Wọ́n di irin mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé èkejì, wọ́n sì jókòó sórí àga àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi.

Ìgbà tí wọ́n jókòó tán ni wàhálà dé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà, ìyàwó ilé wo ló sì máa ré eékún ìyá ọkọ kọjá láìkúnlẹ̀ tọrọ ààyè? Mo kúnlẹ̀, Ìyá Abíọ́nà kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, àwọn ìyàwó àwọn ọmọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìlà wa gùn dé abẹ́ igi máńgòrò Sàlàkọ́. Sàlàkọ́ rò pé òun là ń bẹ̀ kí òun dín owó kù. Ìyá Àgbà wò wá títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní, 'Ẹ dìde jàre. Nínú ọkọ̀ yìí, ọmọdé ni yóò máa ṣáájú wọlé. Èmi àgbà ni n ó kẹ́yìn.' Bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọlámipọ̀sí, ọmọ Abíọ́nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ló kọ́kọ́ wọlé, bàbá yín sì dúró sínú oòrùn títí ó fi kàn wọ́n.

Ọjọ́ Sátidé la lọ sí Okaka. Ìyá Àgbà gbé àpò wọn sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lápá fèrèsé, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Bàbá yín ní, 'Ọmọ méjì ló wà lórí itan mi nítorí àpò.' Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Etí yẹn, èyí tó bá wù ú ló ń gbọ́. A kọjá Àgọ́-Àrẹ, a kọjá ibi tí ọkọ̀ ti takú nígbà náà, àwọn ọmọ ń kọrin. Mo rí Ìyá Àgbà tí wọ́n ń yíjú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò ó bóyá gbogbo wa pé.

Ẹni tó kẹ́yìn wọlé ni yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. A ò rò ó débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Abíọ́nà ṣí ilẹ̀kùn, Ìyá Ìdòwú ti gbọ́ ìró ọkọ̀, wọ́n ti dúró síta. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni láàárín àwọn méjèèjì. Ìyá Ìdòwú na ọwọ́, wọ́n rọra fi kan ojú ẹ̀gbọ́n wọn láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Wọ́n ní, 'Ẹ̀yin ni. Ẹ ti rù.' Ìyá Àgbà ní, 'Ojú ẹ ni ò ríran dáadáa.' Wọ́n wá dì mọ́ ara wọn. Àwa tó kù jókòó sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, tí a fẹ́ máa bọ̀, Ìyá Àgbà gbé àpò kúrò lórí àga, wọ́n sọ fún àbúrò wọn pé, 'Àyè ẹ nìyí.' Ìgbà yẹn ni bàbá yín tó mọ ẹni tí wọ́n ń tọ́jú àga fún. Ìdòwú gan-an ti di ẹrù ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa ti wọlé tán, ó ku àwọn méjèèjì, Ìyá Ìdòwú sì fà sẹ́yìn kí ẹ̀gbọ́n wọn lè ṣáájú. Mo sọ òfin ọkọ̀ wa fún wọn. Wọ́n ní, 'Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń tọ̀. Ṣé èmi ni n ó wá ṣáájú lónìí?' Ìyá Àgbà ní, 'Ìwọ ni ọmọdé. Wọlé.' Wọ́n fọwọ́ wá irin, wọ́n rí i dì mú, wọ́n sì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀gbọ́n wọn fọwọ́ tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n má baà ṣubú.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà báyìí. Ìyá Ìdòwú ń gbọ́ fóònù fún Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà ń ríran fún Ìyá Ìdòwú, wọ́n sì ń jà lórí ẹ̀kọ láràárọ̀ pé ti ta ló pọ̀ jù. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ẹ̀yin ọmọ lẹ ṣe é, ẹ ṣeun.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tí ẹ máa bí tọ́jú yín bí ẹ ti tọ́jú wa. Kí ẹsẹ̀ yín má ṣe kọ̀ lọ́nà, kí ilé yín má ṣe dá páropáro. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ, tó sì ń retí rẹ nílé.

Àfikún: Bàbá yín ló ń fọ bọ́ọ̀sì náà láràárọ̀ báyìí, ẹni tó bá sì pè é ní ìbẹ́pẹ lójú wọn, ìjà ni. Tí ẹ bá gbé ọmọ tuntun wálé, òun ni yóò kéré jù nínú gbogbo wa, òun ni yóò sì kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Apá rẹ ni yóò wà, torí náà ìwọ náà yóò bá a ṣáájú wa. Bàbá yín ti ní kò burú, àwọn yóò dúró sínú oòrùn.