Kàlẹ́ńdà Mẹ́rìndínlógún Tí Mo Gé fún Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Agboolé Àjíṣafẹ́,
Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ Ajé.

Ẹniolúwa ọmọ mi,

Má bínú pé owó ni mo fi ṣáájú ìkíni. Tí n kò bá kọ́kọ́ rò ó sílẹ̀, ọkàn mi kò ní balẹ̀ tí màá fi kí ọ dáadáa. ₦60,000 tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ọwọ́ mi, ó pé. Mo gba ₦1,900 lórí ojú ìwé méjìdínlógójì tí mo tẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Mojíre, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa, san ₦10,800. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦72,700. Nínú rẹ̀ ni mo ti san owó takisí tó gbé ẹ̀rọ wá láti gáréèjì, ₦1,500, wáyà iná ₦4,500, rímù bébà kan ₦5,200, epo jẹnẹrétọ̀ lítà mẹ́jọ ₦7,600, aṣọ tí a fi ń bo ẹ̀rọ ₦1,200, abẹ àti rúlà ₦500, ìwé tí mo lọ tẹ̀ níta ₦13,500, ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ ₦1,000, owó tiransifọ́mà tí àdúgbò dá ₦6,000, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ ₦14,700, àti àsansílẹ̀ fún Láoyè tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ₦15,000. Ìyẹn jẹ́ ₦70,700. Ó ku ₦2,000. Bá mi ṣírò rẹ̀ wò, èmi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ₦2,000 náà ló ń jẹ́.

Ó dáa, mo wá lè kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ọlọ́run tó mú ọ jáde láàárọ̀ kò ní gbàgbé rẹ lójú ọ̀nà ilé. Àwọn ọ̀gá rẹ kò ní rí àṣìṣe níbi tí o kò ti ṣe é, èyí tí o bá sì ṣe, wọn kò ní tètè rí i. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní o kò tíì sọ bóyá àwọn ẹ̀fọ́ gbígbẹ tó fi ránṣẹ́ dùn. Orúnkún mi wà bó ṣe wà. Ó rẹ̀ mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ṣàìsàn.

O máa rí i pé ẹ̀yìn bébà tó ti bàjẹ́ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Má ṣe ka iwájú rẹ̀, àrùn tó ń ṣe ewé ẹ̀gẹ́ ni Mojíre kọ síbẹ̀, kò kàn wá. Irú bébà bẹ́ẹ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí jẹ́ mẹ́tàdínlógóje, ẹ̀yìn wọn sì mọ́ tónítóní. Tí mo bá ra káàdì fóònù ₦500, á tán kí n tó kí ọ tán, ṣùgbọ́n Akínkúnlé awakọ̀ á gba ₦500 yẹn, á sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi dé Èkó, bó ti wù kó gùn tó.

Mo rántí ohun tí mo sọ ní pálọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo ní láti oṣù tí ẹ̀rọ yìí bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, o kò ní gbọ́ ohùn mi lórí ọ̀rọ̀ owó mọ́. Mo mọ̀ pé owó tí o yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ lo fi rà á, pé oṣù mẹ́wàá ni wọn ó fi máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ, nítorí pé o kò fẹ́ kí n máa gun ọ̀kadà lọ sí oko Ẹdúnàbọ̀n pẹ̀lú orúnkún yìí. Ìdí nìyẹn tí ìtìjú fi wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀lé ara wọn.

O sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí fi ń kọ̀wé, pé àtíkè dúdú ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe íǹkì. Mo gbà. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, kí ni mo ń ra epo ₦950 lítà kan fún nígbà tí oòrùn ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́? Mo gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo ṣí ìdérí rẹ̀ fún wákàtí méjì kí ó lè gbà á sínú dáadáa. Nígbà tí mo wá tan jẹnẹrétọ̀, mo ti igi bọ inú táǹkì rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí mo parí. Epo tó jẹ kò dín rárá. Mo rò pé oòrùn Ifẹ̀ lágbára ju irú èyí tó mọ̀ lọ, n kò sì tún gbé e jáde mọ́. Ohun kejì ni pé bí n kò bá fún un níṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á kọ ọ́ sí fèrèsé kékeré iwájú rẹ̀ pé òun ń sùn. N kò jí i. Èmi gan-an ì bá fẹ́ irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ níwájú orí mi. Mojíre ló sọ pé kí n kàn tẹ bọ́tìnì kan, pé oorun rẹ̀ kì í ṣe irú tiwa.

Ọ̀rọ̀ bébà ló wá di wàhálà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣuntọ́lá, obìnrin tó ń ta ìwé ní Lágere. Ó ní oríṣi mẹ́ta: ọgọ́ta gíráàmù ní ₦5,200, àádọ́rin ní ₦6,500, ọgọ́rin ní ₦8,000. Ó ní ọgọ́rin ni kí n mú, pé òun ni ẹ̀rọ fẹ́ràn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni bébà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gígùn wọn dọ́gba, ìbú wọn dọ́gba, ìwúwo nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀, ẹrù lásán sì ni ìwúwo fún ẹni tó máa gbé e. Bébà ọgọ́ta ń jẹ́ ₦10.40 ẹyọ kan, ti ọgọ́rin ₦16. Ojú ìwé igba ó lé àádọ́rin ni Mojíre fẹ́, ẹ̀dà mẹ́ta ìwé àṣekágbá rẹ̀, àádọ́rùn-ún ojú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gba ₦40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá mú èyí tó fúyẹ́, màá jèrè ₦1,512 sí i. Ọ̀ṣuntọ́lá wò mí, ó ní Bàbá, ẹ ó padà wá. Mo rò pé àdúrà ọjà ló ń gbà.

Òjò ti ń rọ̀ láti ìgbà náà, ìwọ náà mọ oṣù yìí. Mo tú rímù bébà kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, mo tò wọ́n sórí sìmẹ́ǹtì kí n lè kà wọ́n bóyá ó pé. Ó pé. Ṣùgbọ́n wọ́n fa ọ̀rinrin, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, á rún wọn, á dúró, á máa tan iná pupa sí mi lójú. O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní sítọ́ọ̀ kòkó ní Ẹdúnàbọ̀n. Kòkó tó bá tutù, sísá ni. Nítorí náà mo sá bébà. Mo tẹ́ ẹ sójú oòrùn, mo fi òkúta kéékèèké tẹ etí rẹ̀, mo ń yí i padà ní ìdajì wákàtí bí a ṣe ń yí kòkó. Ó gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ká bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti kú. Mo tò ó sábẹ́ tìmùtìmù kí ó lè tẹ́. Ìyá rẹ ní òun kò lè máa sùn lórí òkìtì ìwé, pé bí òun bá yí padà báyìí, á máa ró ṣàrà-ṣàrà bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń pè mí ní Akọ̀wé Oní-bébà-sísá títí di òní. Nígbà tí mo kó o jáde, ẹ̀rọ tún rún un. Ibẹ̀ ni mẹ́tàdínlógóje ti bàjẹ́.

Mo padà lọ bá Ọ̀ṣuntọ́lá bó ti wí. Ó ní ṣebí òun sọ ọ́, bébà yín ti tín-ín-rín jù, ẹ̀rọ ń fẹ́ èyí tó nípọn. Ṣùgbọ́n ₦8,000 náà ni, ọjọ́ Ẹtì sì ni Mojíre gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ń rìn bọ̀ wálé, mo ń ronú pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kí bébà nípọn ni, bébà tó nípọn wà nílé wa lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kó gbogbo kàlẹ́ńdà ọdún àtijọ́ jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ti ìsìnkú, ti ìjọ, ti àwọn tó díje tí wọn kò wọlé. Ẹ̀yìn wọn funfun, ó ń dán. N kò fọwọ́ kan èyí tó ní àwòrán ìyá-ìyá rẹ, orí mi kò tíì dàrú tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ló kù. Mo ra abẹ àti rúlà, mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ìwọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti bébà. Tí a bá ní ₦16 ni ẹyọ kan, ₦1,024 nìyẹn. Mo yọ ₦500 abẹ àti rúlà kúrò, èrè ₦524. Inú mi dùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ní Ọjọ́rú, Mojíre kọ́kọ́ wá tẹ ojú ìwé àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀, bébà dídán kan ṣoṣo tó rà fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó jáde, ó lọ sí kíláàsì. Èmi wá kó kàlẹ́ńdà wọlé. Mẹ́ta jáde, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kàn án, lẹ́tà ibẹ̀ ń ṣí bí ìyẹ̀fun tìróò. Ẹ̀kẹrin kò jáde, ẹ̀karùn-ún tẹ̀lé e, mo rò pé èyí tó wà lẹ́yìn á ti èyí tó wà níwájú, mo jẹ́ kó máa lọ títí mọ́kànlá fi wọlé. Òórùn bí ti ọ̀rá tó ń jóná ló jẹ́ kí n fa wáyà yọ.

Mojíre ló pe Láoyè, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì dé nírọ̀lẹ́. Ó fa ègé kan jáde, ó ní ta ló fi bébà dídán síbẹ̀, pé iná ló wà nínú rẹ̀ tó ń yọ́ àtíkè mọ́ bébà, pé irú bébà yìí á yọ́ mọ́ òpó gbígbóná inú rẹ̀. Mojíre dorí kodò. Ó ní òun ni. Láoyè ní ₦5,000 lòun máa gbà kí òun tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun láti tú u wò, ọmọ náà sì kà á fún un lójú mi. Ẹniolúwa, mo dákẹ́. Mo jókòó lórí àga mi, mo sì dákẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo gun ọ̀kadà lọ tẹ ìwé rẹ̀ níta ní ₦50, ó sì fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rò pé ìyẹn á tó. Ní Sátidé, Láoyè dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òpó náà ti bàjẹ́, ₦38,000 ni. Mo san ₦15,000. Ó wá mú ègé bébà méjì jáde nínú àpò, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ní Bàbá, èyí ní déètì lára, ẹ̀rọ yín ń jẹ oṣù Ṣẹẹrẹ. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Mojíre níbi tó ti ń sá aṣọ, mo sọ fún un pé kàlẹ́ńdà mi ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ. Mo bi í pé níbo ló ti rí ₦5,000 náà, ó ní owó ọkọ̀ òun lọ sílé ni, ní Ṣakí, pé òun á pe ìyá òun. Mo na ₦2,000 tó kù sí i, kò gbà á, ó ní kí a fi jẹun. Ìyá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná, kò pè mí ní akọ̀wé kankan lọ́jọ́ náà.

Mo ti mọ̀ báyìí. Ọgọ́rin gíráàmù ni kí a rà, kí ó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí a ó fi lò ó, kí ó má sùn sórí sìmẹ́ǹtì, kí a fi ọwọ́ fẹ́ ẹ díẹ̀ kí a tó kó o wọlé, kí a má kó o kún jù, kí ohun dídán má sì sún mọ́ ọn. Ọ̀ṣuntọ́lá kò gba kọ́bọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Nítorí ₦524 ni mo fi gbà á ní ₦43,000.

Ọmọ mi, mo ti yẹ ẹ̀jẹ́ ọjọ́ Àjíǹde. Ti Láoyè ku ₦23,000, kò ní gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ láìgbà á, rímù tuntun sì jẹ́ ₦8,000. Bí ọwọ́ rẹ kò bá tó méjèèjì, fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀rọ kì í jẹun, oko Ẹdúnàbọ̀n ṣì wà níbi tó wà. Ti Mojíre ni kó ṣáájú, Sátidé yìí ló ń lọ.

Ọlọ́run á fi kún ohun tí o fi ṣe wá lóore. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jóná lọ́wọ́ ẹni tí o gbé e fún. Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ, ìwọ kò sì ní dákẹ́ níbi tó yẹ kí o sọ̀rọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèlárán Àjíṣafẹ́.

Owó ọkọ̀ Mojíre lọ sí Ṣakí: ₦5,000. N kò tíì san án.