Ohun Ìtúlẹ̀ Tí N Kò Tíì Rà, Tí Mo Sì Fẹ́ Há Fún Ọmọ Mi

Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ fún odidi ọdún méjì, tí ejò bù jẹ lẹ́ẹ̀mejì tó jẹ́ pé ejò kejì ló kú, tí iná jó oko rẹ̀ lójú ara rẹ̀, tí ó jábọ́ láti orí ọkọ̀ tó ń sáré tí ó dìde tí ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù, tí kò kọjá ìwé kẹta, síbẹ̀ tí àwọn tó ka ìwé jù ú lọ ń wá bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn túlẹ̀: ẹni yẹn ló ń kọ ìwé yìí. Èmi ni. Atúlẹ̀-Má-Wẹ̀yìn ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, òun náà ni mo sì fi ń bọwọ́ lùwé.

Orí mi pé. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran ní ìrọ̀lẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Tíṣà Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó jókòó tì mí nídìí tábìlì, ní kí n kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó fipá mú mi. Kò sí. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ará ilé mi, àti ìwọ Tíṣà tí yóò mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ, bí mo ṣe pín in nìyí.

KÌÍNÍ. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ìyàwó mi ni mo fi í sílẹ̀ fún títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi bẹ̀ mí pé kí n lu fèrèsé sí ilé ìdáná, mo ní ẹni tó kọ́lé ló mọ ibi tí fèrèsé ń gbé. Nígbà tí mo lù ú tán, ìdí fèrèsé yẹn ni mò ń jókòó sí láràárọ̀. N kò sọ fún un rí pé òun ló jàre ọ̀rọ̀ náà. Ó ti kà á báyìí.

KEJÌ. Ewúrẹ́ mọ́kànlá, ọmọ mi ọkùnrin tó ń ránṣọ ni mo fi wọ́n fún. Mo mọ̀ pé òórùn wọn ń rí i lára. Kí ó tà wọ́n bó bá wù ú, àfi ọ̀kan tí ìwo rẹ̀ dá, tí kì í gbọ́ràn. Èyí nì, kí ó jẹ́ kí ó darúgbó. Ajá kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wù ú ni yóò tẹ̀ lé.

KẸTA. Òòlù, sípánà, fáìsì tí ń di irin mú àti ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin pọ̀, ọmọ mi obìnrin àgbà ni mo fi wọ́n sílẹ̀ fún. Òun ló ń wa katakata mi láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kò sì sí ọkùnrin tó lè fa poro tó tọ́ bíi tirẹ̀, àfi èmi nígbà tí ẹ̀yìn mi ṣì le. Gbogbo irinṣẹ́ mi ló ní ìlà kéékèèké méjì lára. Èmi ni mo gé e sí wọn, kí olè má baà bá mi jiyàn.

KẸRIN. Mo ti kọ ìpín yìí lẹ́ẹ̀mẹta, Tíṣà ti fa igi lé méjì. Katakata, ọmọ mi obìnrin náà ló ni ín, ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n katakata tí kò ní ohun ìtúlẹ̀, àga lásán ni. Èyí tí a ní ti run. Òjò ń bọ̀. Mo ní láti ra tòkunbọ̀ kan, n kò sì mọ èwo mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi lọ sí àgbàlá ọkùnrin tó ń ta ògbólógbòó irin oko. Méjì ló wà nílẹ̀ tí agbára katakata wa ká. Ọ̀kan pupa, ó ti dípẹtà létí, àwo mẹ́ta tó fi ń túlẹ̀ ti jẹ di kékeré, bí o bá sì fi ọwọ́ yí wọn, béárìn inú rẹ̀ a máa ráhùn bí ìyàwó àgbà. Èkejì búlúù, ó ń dán, àwo rẹ̀ ṣì fẹ̀, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní búlúù ni.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ pẹ́. Ó ní, “Bàbá, ọ̀dà yìí pọ̀ jù. Ẹni tó bá kun ojú tó báyìí, àpá ló ń bò.”

Mo ní, “Ìwọ lo bí mi ni?”

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá obìnrin, ẹ jẹ́ kí àgbà yan tiwọn. Ojú wọn ti rí irin.” Inú mi dùn. Mo ní kí ó bá mi tọ́jú búlúù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan padà lọ wo ohun tí mo yàn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀dà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, níbi tí apá katakata ti ń gbá a mú. Mo rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n jó mọ́ ọn. Mo rí ìlà kéékèèké méjì lára irin náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́. Èmi ni mo ni ohun ìtúlẹ̀ yẹn ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ọrùn rẹ̀ sán. Mo fi irin tó ti ní ìlà mi lára lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé mi, mo lọ etí rẹ̀ kí ó dán, mo kun ún, mo sì tà á fún àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, mo ní kò ní àléébù. Ọjọ́ kejì tó gbé e wọ oko, ọrùn náà dá, irin fò, ó bà á ní ẹsẹ̀. Ó ń tiro títí dòní. Ó bi mí léèrè, mo ní òun ni kò mọ katakata wà. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀. Mo sọ ọ́ létí ìyá wa, ìyá wa sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun kékeré kò mọ katakata wà.

Irin yìí ni mo fẹ́ so mọ́ ẹ̀yìn ọmọ mi.

Mo mú ajórin ìsàlẹ̀ títì lọ wò ó, láìsọ ìdí. Ó ní ẹlòmíràn ti tún irin jó lé ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹni náà sì dáa, ó lè lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní ṣé ó dá a lójú? Ó ní, “Bàbá, inú irin kò ṣe é wò.” Èwo ni mo fẹ́ mú nínú ìyẹn? Pupa kò ní àpá, ṣùgbọ́n kò lè la oko já láìyí béárìn rẹ̀ padà, òjò kò sì ní dúró de béárìn. Bí mo bá sì ní kí a fi búlúù sílẹ̀, ọmọ mi yóò bèèrè ohun tó yí mi lọ́kàn padà. N kò purọ́ fún ọmọ yẹn rí. Rárá, mo ti purọ́ fún un: òun náà gbà pé àbúrò mi kò mọ katakata wà. Orí mi pé o, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó dojú kọ.

KARÙN-ÚN. Ti àbúrò mi. Mo kọ ilẹ̀ etí odò fún un, mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ padà, mo tún pa á rẹ́. Kò bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tó bèèrè, ọwọ́ èmi nìkan ló wà, kò sì ṣe é há lẹ́yìn ikú. Tíṣà ní kí n fi àyè sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé àbúrò mi ni n ó lọ, ní kùtùkùtù, kí ó tó wọ bàtà oko. Ọmọ mi obìnrin ni yóò gbé mi lọ, yóò sì dúró kí ó gbọ́. N ó sọ pé, “Àbúrò mi, ó ti sán kí n tó tà á fún ọ. Mo mọ̀.” Mo ti ń kọ́ ọ nínú yàrá, kò gùn. Bí ó bá lé mi, n ó padà wálé, ọmọ mi yóò sì yan èyí tó bá wù ú. Bí kò bá lé mi, n ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wa dé àgbàlá yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí òun àti ọmọ mi wo abẹ́ irin méjèèjì, kí wọ́n mú ọ̀kan tàbí kí wọ́n má mú ìkankan. Èmi yóò dúró lẹ́nu géètì.

Mo fọwọ́ sí i: Atúlẹ̀-Má-Wẹ̀yìn
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta

Àwọn tó rí i tí mo fọwọ́ sí i:
Tíṣà Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì
Ajórin ìsàlẹ̀ títì