Ẹ̀rọ Tí A Kì Í Fọwọ́ Kàn, àti Ohùn Màmá

Ilé Kẹtàlá, Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Adébánjí, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ńkọ́, àbí o ṣì ń gbé àpò sìmẹ́ńtì kiri bí ọmọ ogún ọdún? Ìkìrun lápapọ̀ ńkọ́, ṣé ó ń gbè ọ́? Ní tiwa níbí, Alhamdulillahi. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ló jẹ́ kí n mú bírò lónìí.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa sọ pé, kí ló dé tí ọkùnrin yìí kò pè mí lórí fóònù? Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹkún á gbọ̀n mí, màá sì yáa pa fóònù. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè sọ ọ́ tán.

O mọ ipò tí Màmá mi wà látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé gbé, ahọ́n kò yí. Màmá tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní Mowe, ará Asese á gbọ́ ọ! Ohun tó kù lẹ́nu wọn kò ju kí wọ́n máa kùn nímú, hùn-hún-hùn. Dókítà ní wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, ọ̀rọ̀ tiwọn ni kò rí ọ̀nà jáde. Nígbà tó di oṣù Agẹmọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Bí àbúrò mi Nùsírátù bá gbé ṣíbí sún mọ́ wọn, ògiri ni wọ́n máa kọjú sí. Wọ́n rù kan eegun. Ẹ̀rù bà mí, Adébánjí. Mo rò pé wọ́n ti pinnu láti fi wá sílẹ̀.

Wá gbọ́ ibi tí nǹkan ti yí padà. Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀, olùkọ́ orin kan tó ń gbé ní OPIC Estate, gbé ẹ̀rọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní Ibafo pé kí n bá òun tún un ṣe. Tẹ́rẹ́mìnì ni wọ́n ń pè é. Àpótí kékeré ni, irin gígùn kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀ bí èríà rédíò, irin mìíràn tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ wà lápá òsì. O ò ní fọwọ́ kan ibì kankan lára ẹ̀ o! Inú afẹ́fẹ́ lo ti ń ta á. Bí o bá mú ọwọ́ ọ̀tún sún mọ́ irin gígùn yẹn, ohùn á lọ sókè. Bí o bá fà á sẹ́yìn, ohùn á wálẹ̀. Ọwọ́ òsì lo fi ń mú un pariwo tàbí kó dákẹ́. Mo rí wáyà tó já, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, ẹ̀rọ dún, mo ní ó ti parí. Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ ta á díẹ̀, wọ́n bojú wò mí, wọ́n ní, "Mùíbì, ohùn yìí ṣì ń yẹ̀ o. Ṣé o ò gbọ́ ni?" Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ mí. Nílé ìwé wa ní Owódé Ẹ̀gbá, tí gbogbo kíláàsì bá ń kọrin, àga ni wọ́n máa ń ní kí èmi máa tò. Ìwọ gan-an lo sọ mí ní Jẹnẹrétọ̀. Mo wá ṣàlàyé fún Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ pé etí mi kò gba orin. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀? Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ fún oṣù méjì kí n fi kọ́ etí mi, kí n má sì tíì dán orin kankan wò. Orúkọ èèyàn ni kí n máa pè lórí ẹ̀, ní dò re mí tí tíṣà fi kọ́ wa ní àmì ohùn.

Háà, ojú mi rí màbo! Kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ tẹ̀, kò sí ibi tó fẹ́ dì mú, etí nìkan ló kù. Mí á lọ sókè kọjá ààyè ẹ̀, dò á máa gbọ̀n. Bí mo bá mí kanlẹ̀, ohùn á yí. Bí Nùsírátù bá gba ẹ̀yìn mi kọjá, ohùn á yí. Alhaji Zubair, baba onílé wa, kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Mùíbì, ológbò ta lò ń fìyà jẹ?" Mo bẹ̀ wọ́n, mo gbé ẹ̀rọ lọ sí yàrá Màmá lẹ́yìn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ọwọ́ mi fẹ́ ṣì í kó tó ṣì í. Kódà hóònù tírélà lórí Express, mo ti ń sọ pé re nìyẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ti mọ́sáláṣí dé, mo ta orúkọ ara mi. Mù-í-bì. Dò, mí, dò. Ó bọ́ sójú ẹ̀ gẹ́ẹ́. Mo wá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: hùn-hún-hùn. Nùsírátù ti ń sáré gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì bọ̀. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ kùn báyẹn, Nùsírátù ní òtútù ni wọ́n ń sọ, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. Látìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti kùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni, nínú ooru Mowe tí o mọ̀ yìí! Mo ní kí Nùsírátù dúró ná. Mo tún orúkọ mi ta. Màmá tún kùn ún, ó bá ti ẹ̀rọ mu rẹ́gí, wọ́n sì na ọwọ́ òsì sí mi.

Adébánjí, òtútù kọ́. Mùíbì ni. Ìyá mi ń pè mí fún oṣù mẹ́fà gbáko, aṣọ la sì ń kó bò wọ́n.

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo ti gbọ́." Wọ́n fi ọwọ́ òsì yẹn gbá mi létí, ìgbátí gidi o! Inú mi dùn sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mu abọ́ ẹ̀kọ kan tán.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo ẹ̀ ló ń yé wa. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n kùn mí-mí, mo ní ṣíbí ni, Nùsírátù kó gbogbo ṣíbí ilé wá. Àṣé "ó tó" ni wọ́n ń wí, pé kí n pa ẹ̀rọ mi. Àmọ́ wọ́n ń jẹun báyìí, wọ́n sì ń bá wa jà bíi tàtijọ́. Dókítà ní ká máa bá a lọ, pé bí ohùn bá ti jáde, ahọ́n lè tẹ̀lé e.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Nùsírátù ní kí n kí ọ, Alhaji Zubair náà ń béèrè rẹ.

Ó ku ohun kan. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Màmá ti ń kùn nǹkan tuntun: re, mí, mí, mí. A gbé omi wá, a ṣí fèrèsé, a yí ìrọ̀rí padà, orí ni wọ́n ń mì. Láàárọ̀ yìí mo kàn ń ta á bí wọ́n ṣe kùn ún, mi ò ro nǹkan kan, ó sì já bọ́ lẹ́nu mi: A-dé-bán-jí. Màmá dijú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí àìsàn ti dé. Wọ́n ti ń pè ọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Mo ti bá ọ dáhùn pé o ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Mùíbì