Àwàdà Tí Mo Bá Ọ̀gá Yúrì Ṣe

Ìyá Mùínàt,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ rẹ ti di èèyàn ńlá ní VGC, àdúgbò olówó l'Ékòó níbí o! Bí mi ò bá sí láàárín Rọ́ṣíà àti Íjíbítì, ọ̀rọ̀ wọn ò lè gún. Ó dáa, má rẹ́rìn-ín mọ́, tíì ni mò ń gbé fún wọn. Ọmọ Íjíbítì lọ̀gá mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀gá Yúrì, ará Rọ́ṣíà, a máa wá kí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ní Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá, Yúrì ń sọ pé bàbá òun wà lára àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó lọ ran Íjíbítì lọ́wọ́ láyé ọjọ́sí, kí olórí Íjíbítì tó ní kí wọ́n máa lọ ilé wọn. Ẹnu bá yún mi. Mo ní, "Ẹ bá wọn jagun tán, wọ́n kẹ́rù yín síta! Ṣé bàbá yín tiẹ̀ rí ẹrù tiwọn kó délé?"

Ó gbé ife sílẹ̀, ó jáde. Ọ̀gá mi ní, "Àlàájì, bàbá rẹ̀ ò délé. Íjíbítì ló kú sí."

Láti ìgbà náà, Yúrì ò wá mọ́. Ọ̀gá ò bá mi jà, àmọ́ fúnra rẹ̀ ló ń po tíì rẹ̀ báyìí.

Ara mi le, mò ń jẹun dáadáa. Bá mi kí Mùínàt àti ọkọ rẹ̀. Mo fi ikú bàbá ẹni ṣẹ̀fẹ̀ lójú ọmọ, mi ò sì tíì bẹ̀ ẹ́.