Mo Parọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ríru Mọ́ Aboyún Kan Nínú Tábílẹ́ẹ̀tì

Irọ́ ni mo pa. N kò pa á fún ọkọ, n kò pa á fún òbí, ẹ̀rọ ni mo parọ́ fún, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tèmi taṣọ iṣẹ́ funfun mi. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn tí ẹ ń fún àwọn ẹlòmíràn, n kò sì rò ó rí pé èmi náà á wá kúnlẹ̀ síwájú yín bẹ́ẹ̀... Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, nítorí bí ẹ bá dúró láàárín, ẹ ó kàn bú mi lásán, ẹni tí èébú tọ́ sí yóò sì jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ nínú atẹ́gùn tútù.

Agbẹ̀bí ni mí. Yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ, ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìgbèríko Pobè, lódìkejì ẹnubodè Nàìjíríà, ni mo sì ti ń ṣe é, ní abúlé tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí wọ́n kó tábílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó dà bí fóònù ńlá, dé, èmi ni wọ́n yàn pé kí n kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí a ṣe ń lò ó, láti ọ̀dọ̀ wa níbí títí dé Sakété. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: ìwé ìlànà ìtọ́jú kan wà tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tó yẹ ká ṣe fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan sí. Ta ló ń kà á? Wọ́n wá kó o sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yóò bi ọ́ ní ìbéèrè nípa aboyún tó wà níwájú rẹ, ọjọ́ orí rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tójú rẹ̀ ti rí nígbà ìbímọ tó kọjá, yóò wọn gbogbo rẹ̀ papọ̀, yóò sì sọ fún ọ pé èyí lè bímọ níbí, tọ̀hún gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ohun tó dára ni. Mo tún un sọ, ohun tó dára ni! N kò sí lára àwọn tó ń pariwo kiri pé òyìnbó fẹ́ fi gíláàsì rọ́pò ọpọlọ wa. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, mo rí ẹni tó ń gún ẹni tí ibà ń ṣe àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ní abẹ́rẹ́ kan náà, tó ń pè é ní ìrírí. Bí mo bá rí i pé ẹlẹgbẹ́ mi kan fi ìméfò kún inú tábílẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí aláìsàn ti lọ sílé, ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti ń bá a wí. Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń sọ fún wọn níbi ẹ̀kọ́: ohun tí kò bá sí nínú tábílẹ́ẹ̀tì, kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi ṣe orúkọ fún mi. Títí di òní, bí mo bá sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù zémì ní Sakété, wọ́n á ní, “Ẹ káàbọ̀ o, Màdáámù Kò-ṣẹlẹ̀!” Èmi náà á sì rẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi.

Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́, orúkọ rẹ̀ kọ́. Oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un wá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ìyàwó tó bá lóyún kì í dá lọ sí ilé ìwòsàn, ìyá ọkọ ni yóò gbé báàgì rẹ̀, ìyá ọkọ ni yóò sì jókòó sáàárín òun àti agbẹ̀bí. Ìyá yìí máa ń gbé gààrí lọ sọ́jà Sakété, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ẹnu ọlọ́jà. Ó wo tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ìyá agbẹ̀bí, ṣé fóònù yìí ló máa gbẹ̀bí fún wa ni? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ bá mi sọ fún un pé ọkùnrin ni mo ń fẹ́ o.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó tún fi ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní Nàìjíríà kí wọ́n tó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n títí di àkókò yẹn bọ́tìnnì kan ṣoṣo kò tíì lè rán mọ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ kó dúró. Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ẹ̀rọ wá béèrè pé oyún ẹlẹ́ẹ̀kelòó nìyí. Mo bi í. Ìyá ọkọ ló dáhùn. “Àkọ́kọ́ ni! Ṣé ẹ ò rí i ni? Ọmọge ni mo gbé fún ọmọ mi.” Mo wo Àbẹ̀kẹ́, ó ń ká ìborùn rẹ̀ lórí itan. Mo tẹ àkọ́kọ́. Àwọ̀ ewé bo ojú ẹ̀rọ, ìyẹn ni pé kò séwu, kó bímọ níbí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ẹ dúró níbí kí n bínú díẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ tí ilẹ̀ ti gbà! Ta ni nínú wa, yálà ní Issaba, yálà ní Aguidi, tí yóò ṣí ẹnu níwájú ìyá ọkọ obìnrin, tí yóò bi í pé mélòó lo ti bí, mélòó ló kú? Èmi bi í. Kí ló dé? Nítorí pé bí n kò bá fi ìdáhùn sínú àpótí ìbéèrè yẹn lójú ẹ̀rọ, àpótí tó kàn kì í ṣí. Ohun tó wá ń jó mi lọ́kàn jù nìyí: nínú ìwé ìlànà tó nípọn yẹn, kí ìbéèrè kankan tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ rí obìnrin náà ní òun nìkan. Ojú mi ni mo fi kà á. Gbólóhùn yẹn kò sí nínú tábílẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Kò ní iye nínú, kò sí ohun tí ènìyàn lè tẹ̀ sí i. Àwọn tó gé ìwé náà wẹ́wẹ́ sínú àpótí mú ohun tó ṣeé kà, wọ́n sì da ohun tó ń jẹ́ kí kíkà náà jẹ́ òótọ́ nù. Wọ́n wá ń pe ìyẹn ní mímú ìlànà ṣẹ! Ìlànà wo? Mo kọ ìwé ẹ̀hónú lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wa, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo tún kọ, wọ́n tún dúpẹ́. Yàrá kan náà la ṣì wà, ìyá ọkọ ṣì ń jókòó sáàárín.

Kò pẹ́ sí i, Àbẹ̀kẹ́ padà wá, òun nìkan, ó ní òun gbàgbé ìborùn òun. Abẹ́ àga ni ìborùn náà wà, wọ́n ká a dáadáa... ẹni tó gbàgbé nǹkan kì í ká a bẹ́ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní oyún yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ òun. Ó ti ní ọkọ rí ní Nàìjíríà, ó bímọ fún un, ọmọ náà kú nígbà ìbí, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀, kò dáwọ́ dúró, aṣọ lórí aṣọ, títí wọ́n fi gbé e sórí alùpùpù lọ sí ibi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára kó tó jí. Ìdílé ọkọ náà dá a padà fún bàbá rẹ̀, wọ́n ní orí rẹ̀ kò gba ọmọ. Bàbá rẹ̀ wá sọ fún gbogbo ará abúlé pé iṣẹ́ ìránṣọ lọmọ òun lọ kọ́. Ẹ rántí bọ́tìnnì? Ọkọ rẹ̀ báyìí kò mọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n nítorí ẹ̀mí mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.”

Ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ti dà lára rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ bímọ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé a kò ní ẹ̀jẹ̀ nípamọ́. Ṣé kí n tẹ òótọ́ ni? Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ yóò fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ náà ni yóò fi mẹ́sáàjì sórí fóònù ọkọ, pẹ̀lú ìdí rẹ̀! Wọ́n ní ọ̀nà láti mú kí ọkọ kópa nìyẹn. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọkọ kò ka Faransé, àbúrò rẹ̀ ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ sókè ketekete láàárín agboolé. Mo béèrè bóyá a lè pa mẹ́sáàjì náà, wọ́n ní kò ṣeé pa. Nítorí náà mo ronú kan ìyanu, èmi ọlọgbọ́n... Mo gbé ìfúnpá rẹ̀ ga. Ara obìnrin náà le koko, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojú ẹ̀rọ pọ́n, mẹ́sáàjì lọ, ìdílé gbà láìjanpata pé ilé ìwòsàn ńlá ni yóò ti bímọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sì lọ sùn bí ẹni tó ṣe rere.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ṣí i, ó bá irọ́ mi níbẹ̀, ẹ̀rọ ní kó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fún un. Nígbà tí obìnrin náà padà lọ, dókítà wọn ìfúnpá rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ṣé ẹ rò pé yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé àrùn yìí wà rárá? Ẹ̀rọ ní oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́, kó má dá a dúró! Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ má lò ó mọ́, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ló ń bù ú fún un, tó sì ń dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Òòyì ti kọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ omi. Ní báyìí wọ́n ti pè é pé kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n fi omi abẹ́rẹ́ mú un rọbí ṣáájú àsìkò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní. Kò sì sẹ́ni tó ronú kan pípèsè ẹ̀jẹ̀ dè é. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n ń ṣọ́ nítorí olè tí mo fi ẹnu mi dá, ẹ̀yìnkùlé ni olè gidi yóò gbà wọlé.

Mo pe dókítà náà. Ọmọdé ni sí mi, èmi ni mo kọ́ ọ ní tábílẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá omi abẹ́rẹ́ yẹn dúró, kó sì tọ́jú ẹ̀jẹ̀ dè é. Ó ní kí nìdí. Mo ní n kò lè sọ, kó ṣáà fọkàn tán mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ah, Màdáámù Kò-ṣẹlẹ̀! Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, màá ṣe é lójú ẹsẹ̀. Bí n kò bá fi ìdí kan síbẹ̀, wọn kò ní fún mi lẹ́jẹ̀.” Bí mo bá sọ ọ́ sí i létí, òun náà yóò tẹ̀ ẹ́, mẹ́sáàjì yóò lọ. Bí mo bá yọ irọ́ mi kúrò, ẹ̀rọ á tún ní kó bímọ lọ́dọ̀ wa, orúkọ mi yóò sì hàn lára rẹ̀, iṣẹ́ mi lè lọ... ìyẹn ẹ̀bi mi ni, mo ti gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin náà kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo tọ̀ ọ́ lọ lóko, mo rọ̀ ọ́ pé kó sọ fún ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, “Ìyá agbẹ̀bí, ẹ̀jẹ̀ yẹn lè dá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu ìyá ọkọ mi kò ní dá láéláé.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọgbọ́n ju mi lọ, kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ẹ má sọ pé kí n tún kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá, wọn yóò tún dúpẹ́. Ṣé kí n tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán mi, kó lè yè, kí wọ́n sì tún dá a padà fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Àbí kí n pa ìlérí mọ́, kí n jókòó níbí, kí n máa retí ìpè láti ilé ìwòsàn? Ẹ̀yin obìnrin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ ó dárí rẹ̀ jì mí?

Tábílẹ́ẹ̀tì náà wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìbéèrè náà ṣí sílẹ̀ níwájú mi: ṣé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ti dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ rí? Bẹ́ẹ̀ ni wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí pé ó sọ ọ́ fún mi, ó sì ní kí n má sọ. Èwo ni kí n tẹ̀?