Mọ́tò Tó Yó, Tí Kò Lè Dìde

Agboolé wa, Ẹdẹ,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mubarakah ọmọ mi,

Mọ́tò náà kò jí láàárọ̀ àná, ìyá rẹ kò sì rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọ̀. Mo fi èyí ṣáájú ìkíni kí o má baà ka lẹ́tà dé ìdajì kí o tó mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́.

Ní báyìí, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àbújá? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Allah kò ní jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí ohun tí yóò fi bínú sí ọ, yóò sì jẹ́ kí a fojú kan ara wa nínú ayọ̀. Àmín. Gbogbo ilé ń kí ọ. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti ga tó mi léjìká. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lórí fóònù, ohùn rẹ máa ń yí padà, èmi náà á sì gbàgbé ibi tí mo bá a dé. Peter, ayálégbé wa tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ni yóò ya àwòrán lẹ́tà yìí, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù. Ó ní yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ kí yíǹkì tó gbẹ. Mo ní kó jẹ́ kó gbẹ ná, kó má baà ra ọ́ lọ́wọ́.

O mọ̀ pé nítorí ìyá rẹ ni o ṣe fi mọ́tò oníná yìí ránṣẹ́ lẹ́yìn Iléyá. Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo máa ń jù ú sókè sódò, páìpù tí wọ́n fi sí i lọ́rùn fún ẹ̀jẹ̀ fífọ̀, látìgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, sì ń dùn ún. Mọ́tò tìrẹ kì í jù ú. Kì í pariwo. Ìyá rẹ ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó sínú omi tó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ti mú rìmóòtù sún mọ́ ọn, ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ á yọ jáde bí ọmọ tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, èmi náà á sì dá a lóhùn pé káàárọ̀.

Àwọn tó ń wá kí ìyá rẹ kò dín kù, yàrá rẹ̀ sì móoru, nítorí náà inú mọ́tò yẹn ló ti ń gba àlejò láti ìgbà tí a bá ti kí ìrun Alásárì títí di Mọ̀gàríbì. Òun á jókòó síwájú, àwọn àlejò á kún ẹ̀yìn, àwọn tí kò ráyè á dúró tì í. Kí n má baà fi iná inú rẹ̀ ṣòfò, mo máa ń pa mọ́tò náà, màá wá ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. O ti sọ fún mi nígbà kan pé kí n máa ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n o mọ agboolé wa. Ta ló ń wá kí aláìsàn tí a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú? Kafilat, ìyàwó àbúrò mi, tó ń jókòó níbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ní bí mo bá dán an wò, òun á sọ ọ́ káàkiri Ẹdẹ pé ọmọ ra mọ́tò fún mi, mi ò fẹ́ rí ìyàwó ilé mọ́.

Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú gíláàsì iwájú tó dà bí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní bátìrì oní-fóòlùtì méjìlá kò lágbára mọ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Lórí gíláàsì kan náà, lápá kejì, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé bátìrì ku ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì mọ ohun tí adájọ́ ń ṣe fún ẹlẹ́rìí tó bá ta ko ara rẹ̀. Mo gba èyí tó sọ̀rọ̀ gàdàgbà gbọ́, mo fi èyí tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, kí n má baà ṣègbè, mo ki iná bọ̀ ọ́ mọ́jú, ó sì kún dé ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Mo tún fẹ́ ki iná bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀, ó ní òun ti yó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló kọ́kọ́ kọ̀ tí kò jí. Mo ránṣẹ́ pe Ọláníyan, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò mi àtijọ́ ṣe. Ó rí kọ́kọ́rọ́ irin pélébé kan fà yọ nínú rìmóòtù, ó fi ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì wo inú rẹ̀ pẹ́. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀, ó ní kí n má pariwo o, wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì mi lọ. Mo ro gbogbo ẹni tó ti jókòó nínú mọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Kafilat, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí bó ṣe lè gbé ẹ́ńjìnnì jáde lábẹ́ híjáàbù.

Peter ló dé láti ibi iṣẹ́ tó gbà wá sílẹ̀. Ó ní wọn ò fi ẹ́ńjìnnì sí i láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bátìrì méjì ló ní: ńlá kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé e rìn, kékeré kan bíi ti takisí sì wà níwájú, òun ni oní-fóòlùtì méjìlá tí gíláàsì ń sọ, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń tan gíláàsì, òun náà ló ń jí ńlá. Mo bi í pé ṣé ẹni ńlá á wá máa gba àṣẹ lọ́wọ́ kékeré kó tó dìde lórí ibùsùn rẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ní ìgbà tí mọ́tò bá wà ní títàn tàbí tí a bá ki iná bọ̀ ọ́ nìkan ni ńlá ń fún kékeré ní oúnjẹ, àti pé bí mo bá ti pa á tí mo sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kékeré á máa ṣiṣẹ́ lórí ebi títí agbára rẹ̀ á fi tán pátápátá. Mi ò bá a jiyàn, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Ṣé iṣẹ́ ni ilẹ̀kùn ṣíṣí? Ilẹ̀kùn ilé wa ti wà ní ṣíṣí látìgbà tí bàbá mi ti kọ́ ọ, kò rẹ̀ ẹ́ rí.

Wọ́n gbé bátìrì takisí kan wá, Ọláníyan fi wáyà so ó mọ́ kékeré náà, mọ́tò sì jí. Peter ní kí ìyẹn má tàn mí jẹ, kí a ra kékeré tuntun kí Ọjọ́ Ajé tó pé, nítorí Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ. Mo ní a ó rà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, mọ́tò yẹn ń jí fúnra rẹ̀ láràárọ̀, mo sì rò pé ẹni tó bá ti ń dìde láìsí pé a fà á lọ́wọ́ ti gbádùn nìyẹn. Àwọn àlejò sì ń wá, mo sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Láàárọ̀ àná, a ti wọ ìyá rẹ láṣọ, a ti gbé e jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Mo mú rìmóòtù sún mọ́ mọ́tò náà, ọwọ́ ilẹ̀kùn kò yọ. Peter ti lọ ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, ó ti pa fóònù rẹ̀. Ọláníyan ti lọ sí ìlú Ara, níbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wáyà rẹ̀ sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó tì. Kafilat ní kí n jẹ́ kí àwọn pe takisí. Mo ní kó ní sùúrù, pé ohun tó kún dé ọgọ́rùn-ún kò lè sọ pé òun kò lágbára. Mo fọwọ́ pa mọ́tò náà lórí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo lọ jókòó, mo tún padà wá. Kafilat bi mí pé ṣé mọ́tò ni mo fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ni àbí ìyáálé òun. Ìgbà tí takisí fi máa wá láti Alajue, oòrùn ti mú, nígbà tí a sì fi máa dé Òṣogbo, wọ́n ti gbé ẹlòmíràn sórí ẹ̀rọ tó yẹ kó jẹ́ ti ìyá rẹ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò jágbe mọ́ wa. Ó kàn ní àwọn dúró dè wá títí, pé kí a máa lọ ná. A gbé e padà wálé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ náà ti wú. Kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, àga ló fara tì mọ́jú, ó sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò lè ṣe kó má ṣàwàdà. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé òun àti mọ́tò òun ti di ìbejì, ikùn kún, ara ò lè dìde. Kafilat rẹ́rìn-ín, ó rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá rẹ wá sọ pé bí wọ́n bá tún gbé òun lọ tí wọ́n tún dá òun padà, kí a má gbé òun lọ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà nìyẹn.

Jọ̀ọ́, bá mi fi owó bátìrì kékeré yẹn ránṣẹ́, Peter yóò sọ iye rẹ̀ fún ọ. Jẹ́ kó lé díẹ̀, kí a lè máa gba takisí, nítorí mi ò tún ní gbé ìyá rẹ lé bátìrì kankan lọ́wọ́ báyìí. Bí agbára bá ká a, jẹ́ kí a ra méjì, kí ọ̀kan wà nínú yàrá mi níbi tí mo ti lè máa wò ó. Má gba ọ̀nà báǹkì mi. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní owó mi wà, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí. Mo ní owó ni mo fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, mi ò fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì pamọ́. Fi ránṣẹ́ sí Peter.

Takisí ti wà nílẹ̀ fún ọ̀la. Ẹ̀rọ ni kò tíì dájú. Fawziyah àbúrò rẹ ti wà ní ilé ìwòsàn láti ìdájí, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan lè ṣófo lọ́la, ti bàbá kan láti Ìwó ni, tí kò wá nígbà tó yẹ kó wá kẹ́yìn, tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì gbé fóònù. Bí bàbá náà kò bá ní wá, ìyá rẹ ni wọn yóò gbé sí i. Mo kí ìrun Alásárì tán, mo gbé ọwọ́ sókè, mi ò sì mọ ohun tí n ó tọrọ. Bí mo bá ní kó wá, ìyá rẹ ńkọ́? Bí mo bá ní kó má wá, kí ni mo ń fẹ́ kó ti ṣẹlẹ̀ sí i? Mo ní kí Allah ṣe é bó ṣe mọ̀.

Allah yóò dá ẹ̀mí rẹ sí. Yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa, kò sì ní jẹ́ kí ohun tí o fi òógùn ojú rà bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Má kó sójú ọ̀nà lóru nítorí lẹ́tà yìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o gbọ́ ohun tí kò dára nípa wa. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùràímọ̀.

Fawziyah ní bí wọ́n bá ti rí àwọn ará Ìwó bá sọ̀rọ̀ báyìí ni òun yóò pè. Fóònù wà lórí itan ìyá rẹ. Kò tíì dún.