Ìràwọ̀ Márùn-ún Tí Mo Fún Ẹni Tó Ba Ojú Mùtíù Jẹ́

Màámi, ẹ kú ilé o. Láti Lákọ̀wé ní Èkó níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún yín gbalaja. Ẹ kú ọ̀dá òjò. Òjò tí ẹ ń wá ní Ṣakí, ọ̀dọ̀ wa ló wà, ó ń wọlé bá wa lórí ẹní. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí Àǹtí Sìdíkátù àti àwọn ọmọ wọn, mo kí gbogbo àwọn ìyá tí ẹ jọ ń kírun. Àǹtí Sìdíkátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn títí dé ìparí, ẹ má fo ibì kankan. Mo ti gbé lẹ́tà yìí sójú táyé kí àwọn tí ò mọ̀ wá rí náà lè kà á, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí wa nìkan.

Màámi, irọ́ ni mo ti ń pa fún yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè láti béèrè ojú Mùtíù, mo máa ń ní ó ti ń sàn. Kò sàn. Ojú ọ̀tún àbúrò mi ti fọ́, kò sì ní í ríran mọ́. Ẹ̀rù yín ló bà mí, ìtìjú sì tún wà níbẹ̀, torí pé èmi ni mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti bà á jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ táìsì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, la jọ ń ṣe níbí. Òun ló ń gé e, èmi ni mo ń tò ó. Ilé alájà mẹ́rin kan la ń ṣe ní Oniru lọ́jọ́ náà. Gíláàsì tó yẹ kó fi bojú wà nínú àpò rẹ̀; ó ní òógùn ló ń bò ó, òun ò rí ojú ìlà. Ibi tó ti ń gé e ni èérún ti ta sí i lójú. A bu omi sí i títí, kò jáde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ojú ti pọ́n bí ata, ó ń sunkún bí ọmọdé, Mùtíù tí ẹ mọ̀ pé kì í sunkún.

Mo fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba, àmọ́ wọ́n ní èrò ibẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá Súlè, oníwáyà tí a jọ wà ní sáìtì, ni ó sọ fún mi pé èèyàn kì í wọ ọ̀dọ̀ dókítà bí afọ́jú mọ́ láyé ìsìnyí. Ó ṣí fóònù rẹ̀. Màámi, ibì kan wà nínú fóònù tí àwọn tó ti lọ sọ́dọ̀ dókítà ti máa ń kọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n á sì fi ìràwọ̀ sí i. Márùn-ún ni pé ó dára gan-an, ẹyọ kan ni pé kò dára rárá. Ilé ìwòsàn ojú kan wà lọ́nà Ajah, ìràwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún.

Ní Ṣakí, bí ojú bá ń dun èèyàn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti máa sọ fún un pé ọ̀dọ̀ lágbájá ni kó lọ, pé kó má lọ sọ́dọ̀ làkáṣègbè, òun ló ba ojú ìyá àwọn jẹ́. Níbí, n ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé yàrá tó kàn mí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì inú fóònù fi dà bí ọ̀rọ̀ ẹbí létí mi.

Mo kà á dáadáa o, n ò yẹ̀ ẹ́ wò lásán. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹnì kan ní àga wọn rọ̀. Ẹlòmíràn ní dókítà náà máa ń báni rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í fi àkókò ẹni ṣòfò. Àwọn mẹ́ta péré ló fún un ní ìràwọ̀ ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé oògùn kan náà ni wọ́n ń fún bàbá òun léraléra, tí ojú fi ń funfun. Òmíràn kọ ọ́ pé nígbà tí òun béèrè orúkọ oògùn, dókítà fi ìbínú dá òun lóhùn. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Mùtíù, mo sì sọ fún un pé kò síbi tí kì í sí elénìní. Elénìní ni mo pè wọ́n, Màámi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Dókítà náà tan iná sí ojú Mùtíù, kò pẹ́ rárá, ó kán oògùn sí i. Kí n tó jókòó tán, ìrora ti lọ. Mùtíù rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé nígbà tí ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu káńtà na fóònù sí mi, tó ní bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa fún wọn ní márùn-ún kí ẹ tó máa lọ, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún wọn ní márùn-ún. Mo tún kọ ọ́ lédè Yorùbá pé àwọn wọ̀nyí mọṣẹ́ o, ojú àbúrò mi ò tíì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lọ́wọ́ wọn tó fi sàn.

Wọ́n di oògùn náà fún un. Tó bá ti ń dùn ún, á kán an, á sì dákẹ́. A padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ohun funfun kan yọ láàárín ojú bí èérún ẹ̀kọ. A padà lọ. Dókítà ní kó máa kán an lọ. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ń bẹ nínú oògùn, ó bi mí pé ta ló lọ sílé ẹ̀kọ́ nínú àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, Mùtíù fi ojúgun kọlu garawa símẹ́ǹtì tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, mo na ìka mẹ́ta sókè, mo ní kó sọ iye rẹ̀ fún mi. Ó ní ìka wo.

Ọsibítù ìjọba tí mo ń sá fún náà la pàpà lọ. Dókítà obìnrin kan tó ti dàgbà ló yí ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè tó sì yọ èérún táìsì jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ojú ti kẹ̀. Ó ní oògùn tí wọ́n fún wa yẹn, inú ọsibítù ni dókítà ti ń lò ó nígbà tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ojú, wọn kì í dì í fún ẹnikẹ́ni lọ sílé, torí ìrora nìkan ló ń pa, ojú á sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ká ní a tètè dé ni. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ì bá kúkú bú mi.

Ó bi mí bí a ṣe mọ ibẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó mi orí. Ó ní kí n wò ó, gbogbo àwọn tó kọ ìyìn yẹn, kí wọ́n tó délé ni wọ́n ti kọ ọ́. Ó ní kò burú kéèyàn kà á, ó lè sọ fún ni bóyá wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún aláìsàn, bóyá wọ́n ń dáni dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ, tó lò ó fún oṣù kan, tó tún padà wá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn wá. Ó ní dókítà tó bá ń bínú torí pé o béèrè ohun tó fún ọ, gbé ẹrù rẹ, kí o máa lọ.

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo fi òótọ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ọ̀nà Ajah náà fèsì sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ò mọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, n ò rí ohun tí mo kọ níbẹ̀ mọ́. Ìyìn tuntun ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Mo wá gbéra, mo lọ bá wọn. Bí mo ṣe ń sọ tẹnu mi níwájú káńtà, obìnrin kan tó jókòó ti ọkọ rẹ̀ dìde. Ará Eleko ni wọ́n, apẹja ni ọkọ, ìwọ̀ ló ha á lójú. Ó bi mí pé ṣé èmi ni mo kọ ìyìn Yorùbá yẹn. Ó ní ọmọ òun ló kà á fún òun kó tó pa rẹ́. Òun rí i pé ẹni bíi tàwọn ló kọ ọ́, kì í ṣe olówó, ìdí tí àwọn fi wá nìyẹn. Mo ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n jẹ́ ká lọ. Ọkọ rẹ̀ ní ìrora ti lọ, òun ò lọ síbì kankan. Wọ́n pe mẹ́gáàdì, ó tì mí jáde.

Mo dúró lẹ́nu géètì nínú oòrùn títí wọ́n fi jáde. Obìnrin náà ló wá bá mi. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹni tó wá kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ lójú gbogbo ayé, kí ló fẹ́ fi irọ́ ṣe? Mo bá wọn dé ọsibítù ìjọba. Ojú ọkọ rẹ̀ ti là, ó ti padà sójú omi. Wọ́n fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi láti dúpẹ́.

Mùtíù kò fẹnu kan ẹja náà. Ó bi mí pé ta ló dúró de òun lẹ́nu géètì lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ.

Ohun méjì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ìgbà tí mo ń yin dókítà ọ̀nà Ajah yẹn fún yín lórí fóònù, ẹ gba orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi, ẹ ní ẹ óò máa fi í sínú àdúà lẹ́yìn ìrun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èkejì, ọjọ́ Sátidé ni Mùtíù ń bọ̀ wálé. Ẹ má pariwo tí ẹ bá rí i, ẹ sì má dúró sápá ọ̀tún rẹ̀ pè é. Apá òsì ni kí ẹ gbà, kó lè rí ojú yín.

Ọlọ́run Allah á dá yín sí fún wa. Kò ní jẹ́ kí ẹ tún gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé, ẹ kí àwọn ará àdúgbò tó ń béèrè wa. Ẹ forí jì mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràsákì